Ẹ̀wù Òtútù fún Olóṣèlú Láti Bọ́mà

Àpò ẹ̀wù òtútù yẹn ṣì ń bí mi nínú.

Àwa Mùsùlùmí Yorùbá tó ń gbé Rippleside nílùú Òyìnbó máa ń ṣe àsàlátù lọ́jọ́ Sọ́ńdè, nínú gbọ̀ngàn kan lẹ́bàá Ripple Road. Èmi tí mo jẹ́ akọ̀ròyìn ni mo mú ọkùnrin kan wá. Ọmọ Rohíńgyà ni, ẹ̀yà Mùsùlùmí kan ní Bọ́mà. Kóòtù rẹ̀ mọ́, ó sì lọ̀ ọ́ dáadáa. Ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn èèyàn rẹ̀ ló fà á kalẹ̀ láti dupò aṣòfin nílé. Ìjọba yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, ó sì sá wá síbí. Ohun tó wá bẹ̀ wá ò ju pé kí ẹnì kan nínú wa bá òun lọ sọ́dọ̀ aṣòfin tó ń ṣojú wa. Àwa ní ìbò, òun ò ní.

Alága àsàlátù wa ò jẹ́ kó lanu. "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ wo àlejò tí ogun lé wá! Ẹ jẹ́ ká ṣàánú rẹ̀."

Ni wọ́n bá wọ́ àpò dúdú méjì wá síwájú rẹ̀, àlòkù ẹ̀wù òtútù ló kún inú wọn. Bá a ṣe ń ṣe nìyẹn: ká tó bi àlejò pé kí ló gbé e wá, a ti ṣe sàráà fún un.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, mò ń túmọ̀ fáwọn àgbà: "Ẹ ṣeun. Mo ní ẹ̀wù. Bàbá mi dìbò, èmi náà dìbò. Ọdún tí mo jáde láti dupò, wọ́n ní bàbá mi kì í ṣe ọmọ ìlú."

Alága rọra sọ sí mi létí: "Akọ̀ròyìn, fi òṣèlú sílẹ̀. Sọ fún wọn pé àdúrà ló ń tọrọ."

"Alààjì, kò sọ bẹ́ẹ̀!" Gbogbo gbọ̀ngàn ló gbọ́ mi. Ìjọba ka ìbò èèyàn, ó tún gba káàdì ìdánimọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sun abúlé rẹ̀, àwa náà tún fẹ́ gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀?

Ìyá àgbà kan, ará Ìjẹ̀bú, fi ọ̀pá kanlẹ̀. "Bọ́mà wo lẹ wí? Bàbá mi jagun níbẹ̀ fún Òyìnbó nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ó ní àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ ló ń mú àwọn la igbó kọjá."

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ọkùnrin náà dìde dúró. "Àwa ni. Bàbá bàbá mi wà lára wọn."

"Ẹ gbọ́ o!" ni ìyá ké. "Ta ló mọ̀nà igbó ju onílẹ̀ lọ? Òun ni wọ́n ní kì í ṣe ọmọ ìlú?"

"Ìyá, ọ̀rọ̀ òṣèlú…" ni Alága bẹ̀rẹ̀.

"Gbẹ́nu sọ́hùn-ún! Nígbà tó o du ipò alága, ṣé ẹ̀wù la kó fún ọ?"

Ẹ̀rín sọ. Alága fúnra rẹ̀ ló wọ́ àpò náà kúrò.

Ní Sátidé, ìyá náà jókòó ti ọkùnrin yẹn ní ọ́fíìsì aṣòfin ní Barking. Ìyá wọ ẹ̀wù òtútù tirẹ̀ tó ti fi ṣe sàráà, tó sì yọ padà nínú àpò. Akọ̀wé béèrè ta ló ni ẹjọ́ nínú wọn.

"Èmi ni mo ní ìbò," ni ìyá fèsì. "Òun ló ní ọ̀rọ̀."