Wọ́n Fi Tapólì Bo Sólà, Agbẹ̀bí Wa Kú

Agbẹ̀bí wa ti kú. Èéfín jẹnẹrétọ̀ ló pa á, lọ́sàn-án gangan, nínú ilé ìwòsàn tí sólà méjìlá wà lórí òrùlé rẹ̀. Bátìrì wà nílẹ̀, wáyà ti wọ gbogbo yàrá. Ṣùgbọ́n oṣù méje ni wọ́n fi tapólì bo sólà náà, nítorí ọ̀gá ńlá kan kò tíì ráyè wá gé rìbọ́nì.

Ẹ-Rọra là ń pè é. Ohun tó ń sọ fún aboyún nìyẹn, òun náà ló ń sọ fún awakọ̀ tó gbé e wá. Ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n bí àwọn ọmọ mi méjèèjì sí. Nígbà tí ẹkún mi pọ̀ ju ti ìyàwó mi lọ, ó yọjú sí mi: "Bàbá ọmọ, ṣé ìwọ lò ń rọbí ni?" Ojú tì mí, mo sì rẹ́rìn-ín.

Kì í kúkú ṣe pé ìjọba ò mọ̀ ọ́n ṣe. Wọ́n yọ owó ibodè kúrò lórí sólà, kò pé ọdún méjì, onígbàjámọ̀ tó dojú kọ ilé ìwòsàn ti ní, aránṣọ ti ní, oníbúrẹ́dì ti ní. Èmi gan-an yìn wọ́n nínú ìwé ìròyìn yìí. Ta ló wá gé rìbọ́nì fún onígbàjámọ̀? Ọjọ́ tó rà á ló tàn án.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Ẹ-Rọra lọ bẹ̀ wọ́n ní ọ́fíìsì ìjọba pé kí wọ́n jẹ́ kó tan sólà náà. Akọ̀wé wọn dá a lóhùn: "Màmá, ó wà nínú ìwé ìlànà pé kò gbọdọ̀ tàn kí ọ̀gá tó dé. Tẹ́ ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ máa rojọ́." Ẹ gbọ́ o! Ẹni tó fẹ́ tan iná ni yóò rojọ́!

Lọ́jọ́ náà, ọmọ tuntun kan wà lẹ́nu ẹ̀rọ tó ń fún un léèmí. Òjò dé, ni Ẹ-Rọra bá wọ́ jẹnẹrétọ̀ sábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí iná má baà kú, ó ti fèrèsé, ó jókòó sí yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Obìnrin tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ sunkún sí mi lọ́rùn: "Ó ní orí ń fọ́ òun, kóun fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀. Mo rò pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni, mi ò jí i." Ọmọ tuntun yẹn yè, nítorí yàrá òdìkejì ló wà.

Ọjọ́ a kú là á dère, èèyàn ò sunwọ̀n láàyè. Àwọn ará ọ́fíìsì náà ti lọ bá ọkọ rẹ̀ nílé ọ̀fọ̀ báyìí, wọ́n ní àwọn fẹ́ fi orúkọ ìyàwó rẹ̀ pe ilé ìwòsàn náà, kó wá bá àwọn gé rìbọ́nì. Bàbá náà béèrè pé: "Ta ló ní kí wọ́n bò ó?"

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi bò. Ẹ yọ ìlà burúkú yẹn kúrò nínú ìlànà yín: sólà tí ìjọba bá gbé kalẹ̀, ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí ni kó tàn. Ẹ fi orúkọ òkú sílẹ̀ fún àwa tá a fẹ́ràn rẹ̀. Orúkọ ẹni tó buwọ́ lu ìlànà yẹn la fẹ́ gbọ́. Kó jáde, kó dúró níwájú adájọ́, kó wo bàbá yẹn lójú, kó sọ ohun tó ń dúró dè fún oṣù méje.