Ohùn Bàbá Mi Nínú "e" Aláwọ̀ Búlúù

Ẹ̀gẹ́ ni mò ń bó lẹ́yìn ilé wa ní Ìwàrò-Ọ̀kà nígbà tí fóònù mi dún. Ọ̀gá mi ni, ìyá tó kọ́ mi níṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní káfè rẹ̀ ní Ìkàrẹ́ lẹ́yìn tí mo jáde girama. Mo nu ọwọ́ sára ìró, mo gbé e.

"Ọmọ mi, ìròyìn ayọ̀ ni mo mú wá. Kọ̀ǹpútà ìdí fèrèsé yẹn, èyí tí ẹ máa ń pè ní ìgbín, ó ti di ẹṣin o!"

"Ẹ kú oríire, mà. Kí lẹ ṣe sí i?"

"Mo ní kí ẹni tó ń tún un ṣe gbá pàǹtí inú rẹ̀ dànù. Ó yọ bráúsà àtijọ́ yẹn, ó fi tuntun sí i."

Mo bi í bóyá "e" aláwọ̀ búlúù ni wọ́n yọ.

"Òun náà kẹ̀. Àwọn tó ṣe é gan-an ti pa á tì. Ta ló ń tọ́jú òkú sínú ilé?"

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rín. Ohùn bàbá mi ló wà nínú pàǹtí tó ní wọ́n gbá dànù.

Bráúsà ni ilẹ̀kùn tí èèyàn ń gbà wọ íńtánẹ́ẹ̀tì, nígbà tí mo sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, "e" yẹn nìkan ni ilẹ̀kùn tí a mọ̀. Ọ̀gá mi ní òmíràn ti wà ṣáájú rẹ̀ tó ní lẹ́tà N gàdàgbà, ṣùgbọ́n "e" ń bá kọ̀ǹpútà wá láti ilé tí wọ́n ti ṣe é. Ó ní, "Ẹni tó ti jókòó sínú yàrá, ṣé ó tún máa kan ilẹ̀kùn ni?" Bí N ṣe kú nìyẹn.

Nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọ́n nígbà yẹn, àwọn òkè wa kì í sì í jẹ́ kó dé dáadáa. Nítorí náà, tí ilẹ̀ bá ti mọ́, a máa ń ṣí gbogbo ojúewé tí àwọn oníbàárà máa bèèrè, ti ìdánwò, ti ìgbaniwọlé, a ó dúró kí wọ́n balẹ̀ tán, a ó wá tẹ ibi tí wọ́n kọ ọ́fúláìnì sí lórí "e". Láti ìgbà náà, ohun tó ti gbé mì ló máa ń pọ̀ jáde fún wa títí di ìrọ̀lẹ́, bí òkété tó ti kó ẹyìn sínú ihò.

Ọ̀kan nínú ohun tí a fún un gbé mì ni ojúewé ilé wa. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń kàwé ní Àkùngbá, ló ṣe é. Ó fi àwòrán ilé wa lẹ́bàá òkúta sí i, ó sì fi ohùn bàbá wa sí i, pé bí ojúewé bá ti ṣí, kí Bàbá máa kí àlejò káàbọ̀. Mo wà níbẹ̀ nígbà tó ń fi fóònù gba ohùn náà sílẹ̀.

"Ta ló ń bọ̀?" Bàbá bi í.

"Gbogbo ayé ni, Bàbá."

"Gbogbo ayé? Nínú pálọ̀ kékeré yìí?"

Ó wá wúkọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ní ahọ́n Ọ̀kà.

Nígbà tó yá, bráúsà tó ní kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ oníná dé, ó yára, àwọn oníbàárà sì ń jà sí ìjókòó tó bá wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni èyí tó rí roboto, tó láwọ̀ bí ọsàn, ewé àti oòrùn. Èmi náà bá wọn bú "e" pé ìgbín ni. Ṣùgbọ́n tí a bá fi àwọn tuntun wọ̀nyí ṣí ojúewé ilé wa, àwòrán nìkan ni. Bàbá á yadi. Ẹ̀gbọ́n mi ní èdè tí "e" ń gbọ́ lòun fi kọ ọ́. Ọ̀gá mi fi "e" sílẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà ìdí fèrèsé nítorí sáìtì ìforúkọsílẹ̀ kan tó kọ̀ láti ṣí níbòmíràn.

Bàbá kú. Fóònù tí ẹ̀gbọ́n mi fi gba ohùn náà sọnù. Ibi ọ̀fẹ́ tó gbé ojúewé náà sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì kógbá sílé. Síbẹ̀, tí mo bá lọ sọ́jà Ìkàrẹ́, màá yà ní káfè, màá ṣí "e", màá tẹ ọ́fúláìnì, Bàbá á sì sọ̀rọ̀. Ọ̀gá mi rò pé oòrùn ni mò ń sá. Ojú ń tì mí láti sọ pé òkú ni mo wá kí. Mo gbìyànjú láti fi fláàṣì gbé e lọ. Nígbà tí mo délé, àwòrán nìkan ló tẹ̀ lé mi. Ẹ̀gbọ́n mi, tó ti wà lókè òkun, ní òun máa yọ ọ́ tí òun bá wálé. Ọmọ mi obìnrin kò bá bàbá àgbà rẹ̀ láyé. Mo ní tí wọ́n bá gba họlidé, màá mú un lọ gbọ́ ọ. Họlidé kan, òjò. Òmíràn, ìgbóná-ara. Ọmọ ń dàgbà, mo ń sọ pé ó dìgbà míì.

Mo fi ẹ̀gẹ́ sílẹ̀, mo fa ọmọ lọ́wọ́, a wọkọ̀ lọ sí Ìkàrẹ́. Kọ̀ǹpútà náà yára lóòótọ́. Mo wá inú rẹ̀ títí, kò sí nǹkan kan. Ọ̀gá mi pe ẹni tó tún un ṣe, ìyẹn ní, "Mà, ìdọ̀tí tó ń dí i lọ́wọ́ ni mo pa rẹ́, kò lè padà mọ́."

Ìgbà yẹn ni mo tó sọ fún ọ̀gá mi pé ohùn bàbá mi ló wà níbẹ̀. Ó jókòó gbì sórí bẹ́ǹṣì.

"Yéè! Ọkùnrin tó máa ń ní ká bọ́ bàtà yẹn? Bàbá rẹ ni? Mo máa ń gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn, mo rò pé àwàdà kọ̀ǹpútà ni. Ìgbà míì mo tiẹ̀ máa ń bọ́ tèmi. Kí ló dé tí o ò sọ fún mi, ọmọ mi?"



A wọkọ̀ padà sílé. Lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi fà mí láṣọ.

"Mọ́mì, kí ni Bàbá àgbà sọ?"

Mo fẹ́ sọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́, ní ahọ́n Ọ̀kà, ṣùgbọ́n ahọ́n mi ti di ti ilé ìwé àti ti Ìkàrẹ́. Kò dún bíi tirẹ̀. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe lè sọ ọ́.

"Ó ní, 'Ẹ káàbọ̀ o, gbogbo ayé. Ẹ bọ́ bàtà yín sẹ́nu ọ̀nà, ọmọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbálẹ̀ tán ni.'"

Ó bọ́ bàtà rẹ̀. "Ọmọ wo ló gbálẹ̀?"

"Èmi ni," mo sọ fún un. "Èmi ni mo gbálẹ̀ lọ́jọ́ yẹn."