Ilẹ̀ Etí Odò Tó Yẹ Kárọ́ọ̀tì

Ìyá Eléèpẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ ilẹ̀ wò fún àwọn àgbẹ̀. Bó bá dé oko, á gbẹ́ kòtò, á bu erùpẹ̀, á fi omi díẹ̀ pò ó, á wá máa yí i láàárín àtẹ́lẹwọ́. Èyí tó bá ṣe é yí bí okùn, amọ̀ ti pọ̀ jù nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn ikú ìyá wọn, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin wá bá a nílé. Wọn ò tíì pín ilẹ̀ tí ìyá fi sílẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

"Àbúrò mi, kárọ́ọ̀tì ni mo ní ká gbìn síbẹ̀. Bá wa wo ibi tó máa ṣe dáadáa."

Inú rẹ̀ dùn ṣìnkìn. Ó ti pẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti bá a sọ ọ̀rọ̀ tí "wa" wà nínú rẹ̀. Ó gbẹ́ ilẹ̀ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí ẹ̀yìn fi ń ro ó.

"Taàrá ló kún òkè," ló wí. "Bí kárọ́ọ̀tì bá kan òkúta, á là sí méjì bíi ṣòkòtò. Ṣùgbọ́n etí odò rọ̀, ó jìn, omi kì í dúró síbẹ̀. Ẹ má ṣáà da ìgbẹ́ ẹran tútù sí i."

Kò pẹ́ ni wọ́n jókòó sí pálọ̀ àbúrò bàbá wọn láti pín ilẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wúkọ́.

"Nígbà tó kù díẹ̀ kí ìyá wa kú, wọ́n pè mí. Wọ́n ní èmi ni mo ni etí odò, kí àbúrò mi mú òkè."

Obìnrin náà rò pé òun ṣì í gbọ́ ni. Òun ló tọ́jú ìyá títí dópin. Àrùn rọpárọsẹ̀ ti gba ohùn lẹ́nu ìyá tipẹ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń béèrè omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹnu wo ni ìyá fi sọ ọ́?"

Ẹ̀gbọ́n gbójú sókè, ó ń wo fáànù.

"Ó tó!" ni àbúrò bàbá wọn wí. "Ẹ̀gbọ́n rẹ nìyẹn. Má fi ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tú ilé ká."

Bẹ́ẹ̀ ni obìnrin náà ṣe mú òkè. Ilẹ̀ kọ́ ló dùn ún jù. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi júwe ibi tó dára fún ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Kárọ́ọ̀tì náà ṣe dáadáa, ó gùn, ó tọ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ kan wá fún un. Ó dúpẹ́, torí ìyẹn ò ṣẹ̀ ẹ́. Ó fọ ọ̀kan, ó gé e jẹ. Ó dùn, ìyẹn ló jẹ́ kí omi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí ẹ̀gbọ́n tún ní kó wá bá òun yẹ ilẹ̀ mìíràn wò, ó ní òun ò ráyè. Ó ṣì ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ lójú títì, ṣùgbọ́n kò jókòó nílé rẹ̀ mọ́.