Píkọ́ọ̀pù Tí A Fẹ́ Kó Bá Wa Darúgbó

Lọ́jọ́ tí a lọ gbé píkọ́ọ̀pù wa, ọkọ mi jókòó sídìí síárìn, ó ń fọwọ́ pa á bí ẹni tó ń pa orí ọmọ. Èmi bẹ̀rẹ̀, mo ń wo abẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó tà á fún wa rẹ́rìn-ín.

"Màdámù, tuntun ni o. Kò sí nǹkan kan lábẹ́ ẹ̀."

Mo ní, "Ohun tí mo ṣe ń wò ó nìyẹn. Mo fẹ́ mọ bó ṣe rí kí iyọ̀ tó débẹ̀."

Ẹja ni mò ń tà. Etí omi ní Ìlàjẹ ni mo ti ń rà á, mo sì ń wà á lọ fún àwọn tó ń se oúnjẹ tà ní Onípanu àti Fádèyí. Omi ọ̀sà ní iyọ̀ nínú, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Yìnyín tí a kó lé ẹja lórí á yọ́, á gbé iyọ̀ náà dání, á sì máa kán tó-tó-tó sẹ́yìn ọkọ̀. Mo ti rí píkọ́ọ̀pù kan létí omi níbẹ̀ tó jẹ́ pé bí o bá jókòó sẹ́yìn rẹ̀, wàá máa rí títì láàárín ẹsẹ̀ rẹ. Kì í ṣe pé ó ti pẹ́ láyé. Wọn ò kàn fọ̀ ọ́ ni.

Nítorí náà, èmi àti bàbá ọmọ mi ti ṣe àdéhùn kí a tó tan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ náà rárá. Gbogbo ọkọ̀ tí ẹbí wa ti ní rí, tòkúnbọ̀ ni. Ẹlòmíràn ti lò ó di àgbà kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, a kì í sì í mọ ohun tí ojú rẹ̀ ti rí. Èyí ni àkọ́kọ́ tí a máa mọ̀ láti ìkókó. A ní a ò ní í tà á tí kò bá tíì sú wa, a ò sì ní í jẹ́ kó sú wa. Ọmọ wa obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá kiri ilé nígbà náà. A ní òun ló máa fi ọkọ̀ yìí kọ́ ọkọ̀ wíwà.

Èmi kì í sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tún gbàgbé. Mo tẹ́ rọ́bà tó nípọn sábẹ́ àwọn apẹ̀rẹ̀ ẹja. Bí mo bá ti já ẹja tán, ẹ̀rọ omi ni mo kọ́kọ́ ń lọ kí n tó lọ sílé, màá da omi tí kò níyọ̀ sí ẹ̀yìn ọkọ̀, màá tún dà á sábẹ́ rẹ̀, títí omi tó ń jáde á fi mọ́ gaara. Àwọn obìnrin etí omi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí.

"Ìyá ọmọ, ṣé ọmọ lò ń wẹ̀ ni àbí mọ́tò? O ò kúkú fi àdín pa á lára!"

"Ó di ọ̀la," mo dá wọn lóhùn. "Àdín ti tán lónìí."

Àwọn aládùúgbò náà ò gbẹ́yìn. Tí ènìyàn bá ní píkọ́ọ̀pù ní àdúgbò wa, gbogbo ẹni tó bá ń kọ́lé, tó bá ń kó kúrò nílé, tó bá ń gbé jẹnẹrétọ̀ lọ fún àtúnṣe, ti di ìbátan rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan láti ilé kejì ní kí n bá òun kó sìmẹ́ǹtì láàárín ọ̀sẹ̀ tí a ra ọkọ̀. Wọ́n sì ti sọ fún wa níbi tí a ti rà á pé kí a má dẹ́rù lé e púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, kí àwọn irin inú rẹ̀ lè mọ ara wọn. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, kò tíì hu eyín."

Ó ní, "Ṣé mo ní kó jẹ sìmẹ́ǹtì ni? Mo ní kó gbé e!"

A jọ rẹ́rìn-ín. Sìmẹ́ǹtì náà ò sì bá wa lọ.

Ẹnì kan ṣoṣo tí mi ò lè fi ẹ̀fẹ̀ dá lóhùn ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi. Mẹkáníìkì ni, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Bàrígà, òun ló sì ń tún gbogbo ọkọ̀ ẹbí ṣe láti ìgbà tí ọkọ mi ti wà ní iléèwé. Lọ́jọ́ tí mo rọbí, òjò ń rọ̀, ọkọ mi wà níbi iṣẹ́, ọkùnrin yìí ló fi ọkọ̀ rẹ̀ tó ti gbó gbé mi dé ilé ìwòsàn. Kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí ó fi gbọ́ igbe ọmọ. Ìyàwó kì í pe ọmọ ọkọ lórúkọ, "Ọkọ mi àgbà" ni mò ń pè é. "Ìyàwó wa" ni òun ń pè mí. Ó dùn ún díẹ̀ pé ibi tí a ti ra ọkọ̀ náà la ti ń pààrọ̀ ọ́ìlì rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sọ ọ́. Ó kàn máa ń fi ẹsẹ̀ gbá táyà rẹ̀ jẹ́jẹ́ tó bá wá kí wa, á ní, "Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ tuntun."

Wàhálà dé ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Mo ti já ẹja tán ní Fádèyí, mo ń bọ̀ wálé, ni abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Àárín ló máa ń dúró sí. Lọ́jọ́ yẹn ó kọjá àárín, ó ń lọ. Mo yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, mo pa ọkọ̀, mo dúró kó tutù dáadáa. Ibi tí a ti rà á jìnnà. Mo wà á jẹ́jẹ́ gba ọ̀dọ̀ ọkọ mi àgbà lọ.

Inú rẹ̀ dùn láti rí wa. Ó ṣí bónẹ́ẹ̀tì, ó wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ti mú sípánà.

"Mo ti mọ̀ ọ́n. Tẹ́mósítáàtì ni. Gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ ọwọ́ mi, ohun tí mo kọ́kọ́ ń yọ sọnù nìyẹn. Àwọn tó ń gbé nínú òtútù ni wọ́n ṣe é fún. Ooru Èkó yìí, kí la fẹ́ fi ṣe?"

Mo mọ ohun tó ń sọ, nítorí mo ti béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì fún wa. Ilẹ̀kùn kékeré kan ni, láàárín ẹ́ńjìnnì àti rédíétọ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá tutù, á tì, kí omi inú rẹ̀ lè tètè gbóná. Bí ó bá gbóná tó, á ṣí, kí omi lè lọ sí rédíétọ̀ lọ gba atẹ́gùn. Bí o bá yọ ọ́, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ títí láé nìyẹn. Abẹ́rẹ́ á wálẹ̀, inú ọlọ́kọ̀ á dùn, ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì ò ní í dé ibi ooru tó tọ́ sí i mọ́, á máa mu epo, á sì máa jẹ ara rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Èmi tí mò ń dín ẹja, kò ṣòro fún mi láti lóye. Òróró tó gbóná jù á jó ẹja. Èyí tí kò gbóná tó, ẹja á mu ún yó, kò sì ní í jinná.

Mo pe ọkọ mi. Ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé ní Ṣómólú ló ti ń ṣiṣẹ́, ariwo ẹ̀rọ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀.

"Jẹ́ kó yọ ọ́ jàre. Ó ti ń tún mọ́tò ṣe kí èmi àti ẹ tó mọ mọ́tò."

"Ohun tí a jọ sọ ńkọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ṣé kí n wá sọ fún un pé kò mọṣẹ́ ni?"

Mo gé fóònù. Bí mo bá gbà, ọkọ̀ tí a fẹ́ kó bá wa darúgbó á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó láti ọ̀sán yẹn lọ. Bí mo bá kọ̀, màá dójú ti ọkùnrin tó gbé mi lọ bímọ, lójú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́, nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó sì ti na sípánà sínú ẹ́ńjìnnì.

Ìyàwó ilé kì í dúró ṣánṣán kó sọ "rárá" fún ọmọ ọkọ. Mo lọ síwájú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ gbàgà síbi tó yẹ kó dúró sí, ẹ̀yìn mi kan bọ́ńpà. Àfi tó bá fẹ́ gba orí mi kọjá.

"Ọkọ mi àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má yọ ọ́."

"Dìde, Ìyàwó wa. Ọ́ìlì lo kúnlẹ̀ sí yẹn."

"Mo mọ̀, sà. Ẹ má yọ ọ́."

"Ṣé ohun tí ò ń sọ ni pé mi ò mọ ohun tí mò ń ṣe?"

"Ẹnu mi ò gbọdọ̀ gbó o. Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn bá mi wá ohun tó mú un gbóná ná. Tí ara ọmọ yín bá gbóná, ẹ ò ní í kàn bọ́ aṣọ lára rẹ̀ kí ẹ ní ó ti sàn. Ẹ ó wá ohun tó ń ṣe é."

Ọkùnrin tó ń ṣe bátìrì ní òdì kejì kígbe pé, "Ẹ wá wò ó! Mọ́tò yìí ti ní bọ́ńpà kejì!" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọkọ mi àgbà ò rẹ́rìn-ín. Ó pòṣé, ó ju sípánà sínú àpótí, ó lọ jókòó lórí táyà.

"Ó dáa. Wá a fúnra ẹ."

Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n mi ò dìde. Mo yí padà lórí eékún, mo kọjú sí ọkọ̀, bóyá torí kí wọ́n má bàa rí ojú mi. Ibi tí mo kúnlẹ̀ sí, ojú mi bá àwọn irin iwájú ọkọ̀ mu rẹ́gí. Lẹ́yìn wọn, nínú lọ́hùn-ún, mo rí nǹkan funfun. Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó rọ̀ bí ẹ̀kọ tó ti dì. Mo fà á. Ìwé ni.

Ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ọkọ mi la máa ń gbé ọkọ̀ náà sí lálẹ́, torí pé wọ́n ní ọlọ́dẹ. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ń kó etí ìwé tí wọ́n bá gé sọnù sí. Fẹ́ẹ́rẹ́-fẹ́ẹ́rẹ́ ni, bí irun. Atẹ́gùn ń gbé e, fáànù ọkọ̀ ń fà á wọlé, òjò wá rin ín, ó sì lẹ̀ mọ́ ojú rédíétọ̀ bí ẹni fi àtẹ bò ó. Atẹ́gùn ò rí ọ̀nà gbà mọ́.

Ọkọ mi àgbà dìde lórí táyà. Ó wá bẹ̀rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń wo ohun tó wà lọ́wọ́ mi.

"Ìwé? Ta ló ń bọ́ mọ́tò ní ìwé?"

"Iṣẹ́ ọwọ́ àbúrò yín ni, sà."

Ó gbìyànjú láti gbé ẹ̀rín náà mì, kò ṣeé ṣe. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di bọ́ńpà mú. Lẹ́yìn náà ló tú iwájú ọkọ̀, ó gbé omi àti búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ wá. Mo gba búrọ́ọ̀ṣì, mo fi gbogbo agbára ha á lẹ́ẹ̀kan, ó di ọwọ́ mi mú.

"Jẹ́jẹ́. Ìpẹ́ kọ́ lò ń ha. Àwọn irin yìí tinrin ju etí ìwé lọ, tí wọ́n bá ti tẹ̀, ó parí." Ó fi hàn mí: láti òkè wá sí ìsàlẹ̀, kí omi máa ṣàn tẹ̀ lé e, kí ọwọ́ má wúwo. Òun fúnra rẹ̀ ló fọ ibi tó kù, kò yára, kò sì jẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí ó tò ó padà, a tan ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dé àárín, ó dúró. Ọkọ mi àgbà ò gbà á gbọ́. Ó wọlé sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ rẹ̀.

"Wà á lọ."

Mo wà á dé Ìlàjẹ, mo tan éésì. Kò wo ọ̀nà rárá, abẹ́rẹ́ nìkan ló tẹjú mọ́.

"Àárín ló ṣì wà, sà," mo ní.

"Mo lójú."

A yí padà létí omi. Ó gbé ojú rẹ̀ súnmọ́ ibi tí atẹ́gùn tútù ti ń jáde.

"Ṣé bó ṣe máa ń tutù nìyí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

A dé ìyànà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Mo tan iná kí n lè yà.

"Kí lò ń yà síbẹ̀ ṣe?" ó ní. "Máa lọ. Jẹ́ ká tún un yí ká."

Nígbà tí a wá padà dé ní gidi, ó sọ̀ kalẹ̀, ó fọwọ́ lé ilẹ̀kùn, kò tì í. Ó wo ìró mi. Ọ́ìlì dúdú ti bò ó láti orúnkún dé ilẹ̀.

"Ìyàwó wa. Lọ́jọ́ mìíràn tí o bá fẹ́ kọ̀ fún mi, dúró kí o sọ ọ́. Wo bí aṣọ ẹ ṣe rí."

Mo sọ̀ kalẹ̀ láti dúpẹ́. Mo ti pinnu pé màá dúró sọ ọ́ bó ṣe wí, ṣùgbọ́n orúnkún mi ti tẹ̀ kí ẹnu mi tó là.