Ọjọ́ Tí Màmá Sá Ara Wọn Mọ́ Láfún

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú mi rí lọ́wọ́ ìyá ọkọ mi fún yín. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n sọ ọ́ o! Wọ́n ní tí mo bá yọ ibi tí ewúrẹ́ wà kúrò, àwọn ò ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́.

Ìkẹ́rẹ́ la ń gbé, èmi, Bàbá Ìfẹ́ àti Ìfẹ́ ọmọ wa. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín ni mò ń tà lẹ́bàá ilé ẹ̀kọ́ kan. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹyin yẹn sọ́kàn, a máa padà sórí ẹ̀.

A wá ọmọ yìí pẹ́. Nígbà tí Ọlọ́run wá dáhùn, Màmá di ẹrù wọn ní Ọ̀rún, wọ́n fi oko iṣu sílẹ̀ fún àbúrò wọn, wọ́n ní àwọn ń bọ̀ wá bá mi wẹ ọmọ. Irọ́ ni! Ọmọ pípọ̀n ni wọ́n bá wá. Kò sí ọmọ-ọmọ wọn kankan tí kò gun ẹ̀yìn yẹn rí. Wọ́n sì ti sọ fún gbogbo ìjọ wọn ní Ọ̀rún pé lọ́jọ́ ìdúpẹ́ ọmọ yìí, ẹ̀yìn àwọn ló máa wà tí àwọn á fi jó dé iwájú pẹpẹ. Ọmọ tí a fi omijé wá, ta ló tún yẹ kó pọ̀n ọ́n?

Ni Màmá bá yọ̀ ṣubú ní bálùwẹ̀ wa. Ìṣubú tí kò tó nǹkan, irú èyí tí ọmọdé máa ń ṣe tí á dìde tí á tún máa sáré lọ. Ọrùn ọwọ́ wọn kán.

A gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Adó. Dókítà tó ya fọ́tò egungun wọn ní kì í ṣe bálùwẹ̀ ló jẹ̀bi. Ó ní egungun Màmá ti fúyẹ́ nínú, bí igi òrùlé tí ikán ti ń jẹ tipẹ́, tí kò sẹ́ni tó fura nítorí pé síìlì bò ó. Ó ní wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹrù, wọn ò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ lójijì, wọn ò sì gbọdọ̀ pọn ọmọ.

Àfi bíi pé ó dá wọn lẹ́jọ́ ẹ̀wọ̀n! Màmá wo Ìfẹ́ lẹ́yìn mi, wọ́n wo dókítà. Wọ́n ní, "Dókítà, ọmọ mi, ọmọ tí mi ò pọ̀n, kí ni n ó sọ fún un pé mo jẹ́ sí i?"

Dókítà ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, tí egungun bá gba oògùn, a ó tún ọ̀rọ̀ náà sọ. Ó wá kọ kápúsù kékeré kan fún wọn. Alfacalcidol lorúkọ ẹ̀. Ẹ má bi mí bí wọ́n ṣe ń pè é. Kápúsù egungun làwa ń pè é nílé.

Ọkùnrin yẹn mọ ẹni tó ń bá sọ̀rọ̀ o, iṣu ló fi ṣàlàyé. Ó ní oòrùn tó ń ta sí wa lára máa ń bá awọ wa ṣe fítámì kan tí wọ́n ń pè ní fítámì D. Ṣùgbọ́n iṣu tútù lèyí tí oòrùn ṣe yẹn. Ẹ̀dọ̀ ló máa sè é, kíndìnrín ló máa gún un, ìgbà yẹn ló tó di iyán tí ara lè jẹ. Ó ní kíndìnrín Màmá ti ń dàgbà, apá rẹ̀ ò ká odó mọ́. Àwọn tó ń ṣe oògùn ló wá jókòó, wọ́n ṣe ẹ̀dà fítámì náà, wọ́n sì ti bá kíndìnrín gún tirẹ̀ sílẹ̀ nínú kápúsù. Ó ku kí ẹ̀dọ̀ sè é.

Màmá ní kó dúró ná. "Ṣé ẹ̀yin ń gún uṣu kí ẹ tó sè é ni?"

Dókítà rẹ́rìn-ín títí ó fi yọ awò ojú rẹ̀. Ó ní nínú ara, ó ṣeé ṣe. Ó ní tí oògùn yìí bá ti wọlé, ẹnu ọ̀nà ìfun ló ń lọ dúró sí, á máa fa kálíṣíọ̀mù inú oúnjẹ wọlé, ìyẹn ohun tó ń mú egungun le. Ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n ti bá kíndìnrín ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ara ò ní ìjánu tó fi lè dá oògùn náà dúró bó bá pọ̀ jù. Òun dókítà ni ìjánu. Kí wọ́n lo ìwọ̀n tí òun kọ, kí wọ́n sì máa wá yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Ọ̀rọ̀ tó kún ẹnu! Ẹ mọ èyí tí Màmá gbọ́ níbẹ̀? Oòrùn. Oòrùn nìkan!

Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà ì bá parí síbẹ̀ ká ní kì í ṣe ìyá tèmi. Wọ́n pè mí láti Ìláwẹ̀, èmi náà ò ronú, mo gbé fóònù sórí sípíkà. Wọ́n ní àwọn ti gbọ́ pé egungun ìyá ọkọ mi ò lè pọn ọmọ mọ́, kí n má dààmú, ẹ̀yìn tàwọn le bí òkúta, àwọn ló máa jó débi pẹpẹ.

Màmá jókòó síbẹ̀, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n kàn rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín yẹn ló yẹ kí n bẹ̀rù.

Bílẹ̀ ọjọ́ kejì ṣe mọ́, Màmá ní àwọn fẹ́ máa ṣọ́ láfún. Ẹni tó bá mọ Ìkẹ́rẹ́ mọ̀ pé àpáta ni wá. Ẹ̀yìn ilé wa gan-an, àpáta pẹrẹsẹ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń sá láfún sí. Òkúta yẹn máa ń gbóná, láfún á gbẹ kéékéé. Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ ò ju kéèyàn jókòó sábẹ́ igi kó máa lé ewúrẹ́. Ìyá Bùsáyọ̀, aládùúgbò wa tó ni láfún tó pọ̀ jù níbẹ̀, gbàdúrà fún Màmá títí. Èmi náà dúpẹ́, mo ní ó kéré tán wọ́n ti rí ohun tó máa gbé ọkàn wọn kúrò lórí ọmọ.

Lẹ́yìn náà ni èèpo ẹyin mi bẹ̀rẹ̀ sí í pòórá. Tí mo bá ti fọ́ ẹyin tán, Màmá á ti kó èèpo rẹ̀ lọ. Wọ́n ní àwọn ń lọ̀ ọ́ fún adìẹ. Gbogbo wa la mọ̀ pé tí adìẹ bá jẹ èèpo ẹyin lílọ̀, ẹyin tó máa yé á le, kò ní rọ̀. Mo ní ó dára bẹ́ẹ̀, Màmá.

Ṣùgbọ́n adìẹ wo la ní nílé? Àkùkọ kan ṣoṣo! Ìgbà wo ni àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí í yé? Ẹ wò ó, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ ọwọ́, ọpọlọ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ni òùngbẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ Màmá. Wọ́n á mu omi, wọ́n á tọ̀, wọ́n á tún mu. Ìgbẹ́ kọ̀, kò jáde. Wọ́n ń sùn níbi tí wọ́n bá jókòó sí. Lọ́jọ́ kan mo gbé iyán síwájú wọn, wọ́n tì í sẹ́yìn. Ọmọ Ọ̀rún kọ iyán! Mo sọ fún Bàbá Ìfẹ́ pé ìbànújẹ́ ni, pé ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ yẹn ló ń jẹ wọ́n lọ́kàn. Ó ní òun á bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ló máa bá wọn sọ?

Mo ń dín ẹyin lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ni Ìyá Bùsáyọ̀ bá fi igbe ta látorí àpáta. Ó ní, "Ìyá Ìfẹ́! Ẹ wá wo ìyá yín o! Wọ́n ti sá ara wọn!"

Mo pa iná, mo sáré, Ìfẹ́ ń mì lẹ́yìn mi.

Ẹ̀yin èèyàn mi! Màmá sùn gbalaja sáàárín láfún. Wọ́n ti fi òróró pa apá àti ẹsẹ̀, wọ́n ń dán yinrin nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ẹ̀gbẹ́ kan funfun fún láfún, ẹ̀gbẹ́ kejì ò tíì kàn, torí wọ́n ń yí ara wọn padà bí a ṣe ń yí láfún! Ewúrẹ́ ńlá kan dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí wọn, ó ń jẹ láfún Ìyá Bùsáyọ̀ ní ìfọ̀kànbalẹ̀.

Màmá sì ń bá ewúrẹ́ náà sọ̀rọ̀. "Ìyá Ìláwẹ̀, ẹ jẹun, ẹ yó. Tẹ́ ẹ bá yó tán, kẹ́ ẹ máa lọ ulé yín. Ọmọ yẹn, èmi ni n ó pọ̀n ọ́n."

Ẹ dárí jì mí, mo rẹ́rìn-ín. Ìyá Bùsáyọ̀ tí ewúrẹ́ ń jẹ láfún rẹ̀ gan-an ti jókòó sílẹ̀, ó ń fọwọ́ gbá itan. Mo wá bẹ̀rẹ̀ láti gbé Màmá dìde. Wọ́n wo ojú mi dáadáa, wọ́n ní, "Ìyàwó ta ni ọ́, ọmọ dáadáa?"

Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi. Ojú tí wọ́n fi wò mí, ojú àlejò ni.

Bí a ṣe dé Adó, mi ò lè sọ. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀, dókítà wo èsì, ó ní kí ni Màmá ń jẹ nílé. Mo ní oúnjẹ tí gbogbo wa ń jẹ. Ó ní rárá, kí n tún un rò. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àkùkọ ti wá sí mi lọ́kàn! Mo pe Bàbá Ìfẹ́ pé kó lọ yẹ yàrá ìyá rẹ̀ wò.

Ó bá ike kápúsù níbẹ̀, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo, bẹ́ẹ̀ kò tíì pẹ́ tí a rà á. Màmá ti ń gbé e mì nígbàkígbà tó bá wù wọ́n, kí egungun wọn lè tètè le kí ọjọ́ ìdúpẹ́ tó dé. Ó tún bá agolo mílíìkì kan tó kún fún ìyẹ̀fun funfun. Ọkọ mi rò pé mílíìkì ni lóòótọ́, ó bu ṣíbí kan sẹ́nu! Èèpo ẹyin. Lórí fóònù ni mo ti ń gbọ́ bó ṣe ń tutọ́. Inú ẹ̀kọ ni Màmá ń bù ú sí láràárọ̀.

Dókítà di orí mú. Ó ní oòrùn ò jẹ̀bi nínú èyí, yàtọ̀ sí pé ó fa omi ara wọn gbẹ. Ó ní oògùn ló ṣí ilẹ̀kùn gbayawu, Màmá wá ń da èèpo ẹyin wọlé. Kálíṣíọ̀mù kún inú ẹ̀jẹ̀ bí àgbàrá, ó gba inú ìfun, ó gba kíndìnrín, ó gba ọpọlọ. Tí a bá jẹ́ kó pẹ́ sí i, ó lè pa èèyàn. Wọ́n dá oògùn náà dúró, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi sí wọn lára.

Mo jókòó ti ibùsùn yẹn, Ìfẹ́ lórí ẹsẹ̀ mi, mo ń bẹ Ọlọ́run pé obìnrin yìí tó fi oko sílẹ̀ nítorí mi, kó má lọ láì mọ orúkọ mi.

Omi yẹn ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan wọ́n lajú, wọ́n ní, "Ìyàwó mi, ta ló ń bá ọ ta ẹyin?" Mo bú sẹ́kún.

Nígbà tí ọkàn mi wálẹ̀, mo bi dókítà bóyá májèlé ni oògùn yẹn. Ó ní oògùn dáadáa ni, àṣìlò ló burú. Ó ní àwọn onímọ̀ tiẹ̀ ń gbé àwọn mọ̀lẹ́bí oògùn náà yẹ̀ wò, bóyá wọ́n lè bá wa dá jẹjẹrẹ lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe Màmá yìí gan-an ló ń dá wọn dúró. Kí oògùn tó pọ̀ débi tó lè mi jẹjẹrẹ, kálíṣíọ̀mù á ti kún ẹ̀jẹ̀. Wọ́n wá ń wá irú rẹ̀ tó máa ṣe iṣẹ́ yẹn láì ṣí ilẹ̀kùn tó bẹ́ẹ̀. Wọn ò tíì débẹ̀.

Màmá tí a rò pé wọ́n ti sùn la ojú kan. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n má bu èèpo ẹyin sí i."

Ọjọ́ ìdúpẹ́ pé. Ẹ̀jẹ̀ Màmá ti padà sípò, wọ́n ti dá wọn padà sórí kápúsù ní ìwọ̀n kékeré, ṣùgbọ́n dókítà kọ̀ jálẹ̀ lórí ọmọ pípọ̀n. Ìyá mi dé láti Ìláwẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ sọ lẹ́nu ọ̀nà ni pé, "Mo gbọ́ pé ẹ pè mí léwúrẹ́."

Màmá ní, "Ewúrẹ́ tó rẹwà ni o."

Nígbà tí wọ́n pè wá síwájú ní ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá mi gbé Ìfẹ́ sẹ́yìn, wọ́n fi ìró dè é. Èmi ò lè wo ojú Màmá. Dípò kí ìyá mi máa jó lọ, wọ́n rìn lọ síbi tí Màmá jókòó sí, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí wọn, wọ́n ní, "Ẹ bá mi gbá a ní ọ̀já. Tí kì í bá ṣe ẹ̀yin lẹ gbá a, mi ò lọ."

Màmá gbá ọ̀já náà. Wọ́n fà á, wọ́n tún un fà. Wọ́n di ẹsẹ̀ Ìfẹ́ mú, àwọn méjèèjì sì jó díẹ̀díẹ̀ dé iwájú pẹpẹ. Ta ló pọ̀n ọ́n nínú wọn? Ẹ dá a lẹ́jọ́.

Ìfẹ́ ti ń rìn báyìí. Lánàá ló so gèlè mọ́ra, ó lọ lóṣòó síwájú Màmá, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó ní, "Màmá, gùn." Màmá gbé ọwọ́ méjèèjì lé e léjìká. Wọ́n ní, "Egungun tìrẹ ṣì rọ̀, ọkọ mi. Lọ jẹ èèpo ẹyin ná."

Mo kígbe! Àwọn méjèèjì ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé oògùn tó dára kì í dára sí i tí a bá sọ ọ́ di púpọ̀, ìfẹ́ pàápàá ò lè sọ ọ́ dà. Ẹ sọ gbogbo ohun tí àwọn àgbà yín ń jẹ fún dókítà, ẹ̀kọ, àgbo, títí kan oúnjẹ adìẹ. Ẹ sì máa bi wọ́n léèrè ohun tó ń dùn wọ́n, torí kì í ṣe egungun ló kọ́kọ́ dun Màmá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ìyá tàbí ìyá ọkọ yín ti fi oògùn ṣe rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Èmi ni mo máa kà á sétí Màmá. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó gùn jù, wọ́n ń retí rẹ̀ lábẹ́ igi, níbi tí òjìji wà.