Ọwọ́ Tó Kọ̀ Láti Gbọ̀n Níwájú Ọ̀gá

Àìsàn inú ọpọlọ tó ń mú ọwọ́ mi gbọ̀n, ojú ogun ni mo ti gbé e wálé. Lọ́jọ́ tí dókítà ológun fẹ́ yẹ̀ mí wò nítorí owó gbà-má-bínú, ìyàwó mi ti kìlọ̀ fún mi láti ibùdókọ̀ Bọ́ládé: "Bàbá Ìbejì, ẹ má lọ ṣe sójà fún wọn o."

Ṣé sójà ń gbọ́ tìyàwó ni? Bí mo ṣe rí oyè léjìká dókítà, mo dìde ṣánṣán, mo gbọ́wọ́ sórí kí i. Mo fi gbogbo agbára di ọwọ́ náà mú, kò mì. Ohun tí a wá fi hàn án pòórá. Ìyàwó mi káwọ́ lérí.

Dókítà rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kó máa gbọ̀n."

Mo jókòó, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Nínú gbogbo ọ̀gá tí mo sìn, òun nìkan ló gbà mí láyè láti gbọ̀n.