Ààlè Lára Òdòdó

Lọ́dún 1988, Mosúnmọ́lá aránṣọ ra igi òdòdó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ bárékè Ọ̀jọ́, ó gbìn ín síwájú yàrá tí òun àti ọkọ rẹ̀ háyà lọ́wọ́ Bàbá Àlàó ní Òkòkòmáíkò. Orí òdòdó kan náà ni àwọ̀ ìyeyè àti pupa ń gbé. Nígbà tó so, àwọn ẹyẹ ń ṣa èso dúdú rẹ̀ jẹ, inú Mosúnmọ́lá ń dùn.

Lọ́jọ́ kan, ó bá irú òdòdó náà pàdé létí oko ẹ̀gẹ́ bàbá náà, ní Ìbà. Ó já ewé kan, ó fọwọ́ ra á, ó gbóòórùn rẹ̀: òun náà ni. Ìgbà náà ló tó rí aṣọ pupa àti ìkarahun ìgbín tó ń fì lára ẹ̀ka.

“Má fọwọ́ kàn án!” Bàbá Àlàó ló ké. “Àwọn ajagungbalẹ̀ ló gbìn ín sí mi láàlà bíi pèrègún. Mo ti so ààlè. Ọwọ́ tó gbìn ín kò ní gbọ́mọ jó láé! Kí ló dé, ìyàwó? Ò ń wò bí ẹni tó jí ẹran jẹ nínú ìkòkò.”

Mosúnmọ́lá ju ewé ọwọ́ rẹ̀ nù. Oyún wà nínú rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà, ó ń lọ yọjú wo igi náà ṣáá. Nítorí ààlè, kò sẹ́ni tó jẹ́ fi àdá kàn án. Ó ń ṣù, ó ń bo ẹ̀gẹ́ mọ́lẹ̀. Ibi tí ẹyẹ bá yàgbẹ́ sí, òmíràn á hù. Mosúnmọ́lá hú ti iwájú yàrá rẹ̀, ó sun ún, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ ò balẹ̀. Wọ́n gbàdúrà fún oyún náà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ṣe àmín.

Ọjọ́ tí ọmọ inú rẹ̀ ò mira láti àárọ̀ ló sáré lọ kúnlẹ̀ lóko.

“Bàbá, ẹ dárí jì mí. Iwájú yàrá mi ni mo gbìn ín sí, ẹyẹ ló gbé e débí. Kò sẹ́ni tó fẹ́ gba ilẹ̀ yín.”

Bàbá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ bọ́ sára ikùn obìnrin náà. Ó já aṣọ pupa náà bọ́.

“Èyí tí mo so ni mo tú yìí,” ó wí. “Èyí tí mo fẹnu sọ ńkọ́?”

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣá igi náà nídìí bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mosúnmọ́lá fọwọ́ méjèèjì di ikùn mú, ó ń retí kí ọmọ náà tasẹ̀.